Jáàsì àti Híp-họ́ọ̀pù: Orin Baba àti Orin Ọmọ

Ọ̀pọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ orin ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin baba àti ọmọ. Ọmọ a fi orin tirẹ̀ sí ẹ̀rọ, a sì yí ohùn rẹ̀ sókè. Baba a ké láti inú yàrá pé: "Irú ariwo wo nìyí? Pa ẹ̀rọ yẹn! Ní ayé tiwa, ẹni tí ó mọ ìlù í lù tàbí tí ó mọ fèrè í fọn ni à ń pè ní olórin. Èyí tí kò mọ ọ̀kan nínú méjèèjì, tí ó kàn ń rọ̀jò ọ̀rọ̀, kí ni a ó pe ìyẹn?" Ọmọ tí a kọ́ kò ní dá baba lóhùn. Yóò pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n yóò máa sọ nínú ara rẹ̀ pé: "Orin ti baba mi náà ńkọ́? Fèrè lásán, tí kò ní ọ̀rọ̀, tí kò sì lópin!"

Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí kan náà ni orin òun àti orin ẹnìkejì. Jáàsì tí baba fẹ́ràn jẹ́ àgbà nínú ìdílé tí ó bí híp-họ́ọ̀pù tí ọmọ fẹ́ràn. Bí kò bá sí ti ìṣáájú, èyí tí ó kẹ́yìn kì bá tí rí bí ó ti rí; bí kò bá sì sí èyí tí ó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ àwo ti ìṣáájú ni eruku ì bá ti bò mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìbátan yìí, kí ó sì mọ díẹ̀ nínú àwọn àwo orin tí ó fi í hàn.

1. Ibi tí Jáàsì ti Ṣẹ̀

Ìlú New Orleans, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a ń pè ní ìlú jáàsì. Ní ayé ìsìnrú, pápá kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Congo Square. Ní ọjọ́ ìsinmi, a máa ń gba àwọn ẹrú láàyè láti péjọ síbẹ̀, kí wọ́n lu ìlù, kí wọ́n sì jó ijó ilẹ̀ baba wọn. Ìsìnrú parí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1865, ṣùgbọ́n ìró ìlù náà kò parí. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú mú fèrè tí àwọn ọmọ-ogun ń fọn, wọ́n mú dùùrù, wọ́n mú orin ìsìn àti orin ìbànújẹ́ tí àwọn òbí wọn ń kọ lóko òwú, wọ́n sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi máa bẹ̀rẹ̀, orin tuntun kan ti ń jáde bọ̀.

Ohun tí ó ya jáàsì sọ́tọ̀ ni pé olórin a máa dá àrà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn onídùndún lóde ìyàwó yóò tètè mọ ohun tí a ń wí. Omele kì í yẹsẹ̀. Ohun kan náà ni ó ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyáàlù ni ó ń rìn káàkiri: ó ń kí ọlọ́lá, ó ń pa òwe, ó ń ki ènìyàn ní oríkì, kò sì sí ẹni tí ó kọ ohun tí yóò sọ sílẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni jáàsì rí. Ìlù àti báàsì dúró bí omele. Fèrè ń rìn bí ìyáàlù. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ pé fèrè jáàsì kò ní ọ̀rọ̀, ńṣe ni ó dà bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlù.

Àwo tí ó yẹ kí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ni "Kind of Blue", tí Miles Davis, afunfèrè, gbé jáde ní ọdún 1959. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi gba orin inú rẹ̀ sílẹ̀ ní New York. Ohun tí Miles Davis kọ sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Ìyókù, inú ara wọn ni wọ́n ti fà á jáde. Orin náà kì í sáré. Kò sí ẹni tí ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹnìkejì lẹ́nu: bí ọ̀kan bá ń sọ tirẹ̀, ìyókù a máa tẹ́tí sí i, wọn a sì máa ti ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fọn sasofóònù nínú àwo yẹn ni John Coltrane. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1964, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn gba àwo tirẹ̀ sílẹ̀, "A Love Supreme". Apá mẹ́rin ni ó ní, ọpẹ́ sí Ọlọ́run sì ni Coltrane fi í ṣe. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé fèrè lè gbàdúrà.

2. Ọmọ Àjídò ní Amẹ́ríkà

Kì í ṣe ayé ìsìnrú nìkan ni ìlù ilẹ̀ wa wọ inú jáàsì. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1950 láti kàwé ní Morehouse College ní ìlú Atlanta. Nígbà tí ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kò mọ nǹkan gidi nípa Áfíríkà, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìlù kọ́ wọn. Ní ọdún 1960 ni àwo rẹ̀ "Drums of Passion" jáde, àìmọye ènìyàn ni ó sì rà á. Ní ọdún yẹn kan náà, Max Roach, ògbóǹtarìgì onílù jáàsì, pè é wá lu ìlù nínú àwo tí ó fi bèèrè òmìnira fún àwọn ènìyàn dúdú.

John Coltrane náà fẹ́ràn Olatunji tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ orin kan ní "Tunji" nítorí rẹ̀. Ó tún ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ó ń dá ilé ẹ̀kọ́ ìlù àti àṣà sílẹ̀ ní Harlem. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1967, Coltrane fọn fèrè nínú ilé ẹ̀kọ́ náà; ní oṣù Keje ọdún yẹn ni ó kú. Nítorí náà, bí ọmọ Yorùbá bá ń gbọ́ Coltrane, kì í ṣe orin àjèjì pátápátá ni ó ń gbọ́.

3. Bí Híp-họ́ọ̀pù ti Bẹ̀rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí ní Jàmáíkà, Clive Campbell, tí ayé mọ̀ sí Kool Herc, ń fi àwo orin dá àwọn ènìyàn lára yá níbi àríyá tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe. Ilé náà wà ní ojúlé 1520, Sedgwick Avenue, ní Bronx, àdúgbò àwọn tálákà ní New York. Herc ti ṣàkíyèsí pé ibi kan wà nínú orin tí àwọn oníjó máa ń dúró dè: ibi tí olórin ti dákẹ́, tí fèrè ti dákẹ́, tí ó ku ìlù nìkan. Ibẹ̀ kì í pẹ́ kọjá. Kí ni Herc wá ṣe? Ó wá àwo kan náà ní méjì, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí ibi ìlù bá tán lórí èkínní, a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí èkejì, a sì dá èkínní padà sẹ́yìn. Báyìí ni ó ṣe sọ ìlù kúkúrú di ìlù tí kò lópin.

Lórí irú ìlù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ tí ó bá ìlù mu: wọ́n ń yin ara wọn, wọ́n ń ròyìn ìyà àdúgbò wọn, wọ́n ń bá ìjọba wí. Baba tí ó sọ pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí ìlù kì í ṣe olórin, ó yẹ kí ó rántí ìjálá ọdẹ àti rárà. Ta ni yóò sọ pé oníjálá kò ní iṣẹ́ ọwọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to ọ̀rọ̀, kí ó má ṣe ṣì í tò, kí èémí rẹ̀ má sì tán kí ọ̀rọ̀ tó tán. Iṣẹ́ oní-híp-họ́ọ̀pù náà nìyẹn.

4. Gbèsè Ìṣẹ́jú-àáyá Méje

Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ dé tí ó lè gé ìlù jáde láti inú àwo àtijọ́, tí ó sì lè máa tún un lù láìdáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà ni orin tuntun ti ń yá nǹkan lọ́wọ́ orin àtijọ́ lójoojúmọ́. Kò sí ibi nínú pé kí ọmọ yá nǹkan lọ́wọ́ baba. Ibi tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé kí ó yá a, kí ó má dá a padà, kí ó má sì dárúkọ ẹni tí ó ni ín.

Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ olórin kan ní Washington, The Winstons, gbé àwo kan jáde. Ní ẹ̀yìn àwo náà ni orin kan wà tí ń jẹ́ "Amen, Brother". Ní àárín orin náà, onílù wọn, Gregory Coleman, dá ìlù lù fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 7. Àwọn oní-híp-họ́ọ̀pù gé ìlù yìí, wọ́n fi kọrin. Àwọn olórin ijó ní Lọ́ńdọ̀nù náà gé e. Ó wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó di olówó lórí rẹ̀. Coleman kò gba kọ́bọ̀ kan. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2006, kò ní ilé tí ó ń sùn. Ní ọdún 2015, àwọn olùfẹ́ orin dá owó jọ, ó tó £24,000, wọ́n sì gbé e fún Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ The Winstons. Inú Spencer dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lu ìlù ti lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

5. Ọmọ Padà sí Ọ̀dọ̀ Baba

Gbogbo oní-híp-họ́ọ̀pù kọ́ ni ó jẹ́ abaraámóorejẹ. Ní ọdún 1991, ẹgbẹ́ A Tribe Called Quest ní New York gbé àwo "The Low End Theory" jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwo náà, Q-Tip, ọ̀kan nínú wọn, ròyìn pé baba òun ni ó ṣàkíyèsí pé orin àwọn ọmọ yìí jọ jáàsì ìgbà èwe tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò fi mọ sí gígé àwo àtijọ́. Wọ́n lọ bá Ron Carter, ẹni tí ó ti ta báàsì fún Miles Davis láti ọdún 1963 títí di 1968, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta á fún wọn. Àgbà náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò fẹ́ ọ̀rọ̀ rírùn nínú orin tí òun yóò bá wọn ṣe. Wọ́n gbọ́ràn. Orin náà ni "Verses from the Abstract". Ọ̀dọ́ ni ó ni ọ̀rọ̀, àgbà ni ó ni báàsì, kò sì sí ẹni tí ó bo ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní ọdún 1993, Guru tẹ̀ lé ọ̀nà yìí nínú àwo "Jazzmatazz", níbi tí ó ti pe àwọn àgbà oníjáàsì bí Donald Byrd àti Roy Ayers jọ. Èyí tí ó wá lókìkí jù lọ ní ayé tiwa ni "To Pimp a Butterfly", tí Kendrick Lamar, ọmọ ìlú Compton ní California, gbé jáde ní ọdún 2015. Àwọn ọ̀dọ́ oníjáàsì ìlú Los Angeles, bí Kamasi Washington, Thundercat àti Terrace Martin, ni wọ́n ba orin rẹ̀ ṣe. Nínú orin tí ó kẹ́yìn àwo náà, a gbọ́ orin kan tí Fẹlá Aníkúlápó Kútì kọ, tí Houston Person, oníjáàsì, ti fi sasofóònù tún ṣe. Orin Èkó wọ inú jáàsì, jáàsì sì gbé e wọ inú híp-họ́ọ̀pù. Ní ọdún 2018, Kendrick Lamar gba ẹ̀bùn Pulitzer fún orin nítorí àwo rẹ̀ mìíràn, "DAMN.", òun sì ni oní-híp-họ́ọ̀pù àkọ́kọ́ tí ó gbà á.

Òtítọ́ kan wà tí kò yẹ kí a fi pa mọ́: ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ nínú àwo Kendrick Lamar, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ fún etí ọmọdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ irú ohùn fèrè yẹn láìsí ọ̀rọ̀ rírùn, kí ó wá "The Epic", tí Kamasi Washington gbé jáde ní ọdún 2015 kan náà. Ó gùn tó bí wákàtí mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa gbọ́ ọ.

6. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù

Ìtàn náà tún ní apá kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Tony Allen, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1940, kò ní olùkọ́ ìlù. Àwo Art Blakey àti ti Max Roach ni ó ń gbọ́ tí ó fi ń kọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1964, òun àti Fẹlá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe orin pọ̀. Wọ́n pa jáàsì, háíláìfù àti ìlù ilẹ̀ wa pọ̀ títí ó fi di Áfúróbíìtì. Tony Allen kò gbàgbé orísun: ní ọdún 2017 ó gbé àwo jáde tí ó fi bu ọlá fún Art Blakey. Ó kú ní Paris ní ọdún 2020. Ní ọdún kejì, àwo rẹ̀ ìgbẹ̀yìn, "There Is No End", jáde, àwọn ọ̀dọ́ oní-híp-họ́ọ̀pù ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lórí ìlù rẹ̀.

Kí ó tó kú, ó ti kọ́ Femi Koleoso ní ìlù, ọ̀dọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Femi àti àbúrò rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Ezra Collective. Tomorrow's Warriors ni wọ́n ti pàdé, ẹgbẹ́ tí Gary Crosby àti Janine Irons dá sílẹ̀ ní ọdún 1991 láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní jáàsì. Ní ọdún 2023, àwo wọn "Where I'm Meant to Be" gba ẹ̀bùn Mercury, ẹ̀bùn tí a ń fún àwo tí ó dára jù lọ lọ́dọọdún ní Britain àti Ireland. Àwọn ni oníjáàsì àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Nígbà tí Femi dìde láti dúpẹ́, ó dárí ìyìn sí àwọn tí ń fi àkókò wọn kọ́ ọ̀dọ́ ní orin. Ní ọdún 2022 tí ó ṣáájú, oní-híp-họ́ọ̀pù kan ni ó gba ẹ̀bùn yẹn: Little Simz, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Simbiatu Ajikawo, ọmọ tí àwọn òbí Yorùbá bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwo rẹ̀ ni "Sometimes I Might Be Introvert".

7. Bí a Ṣe Ń Gbọ́ Orin

Orin gbígbọ́ kì í ṣe kí ohùn kàn máa wọ etí. Ẹni tí ó bá fẹ́ jàǹfààní rẹ̀, kí ó gbọ́ orin kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kínní, kí ó tẹ̀ lé báàsì àti ìlù nìkan, nítorí àwọn ni ìpìlẹ̀ ilé. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó tẹ̀ lé ohùn tí ń rìn, ì báà ṣe fèrè, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó bèèrè pé: ta ni ó lu èyí? Lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti yá a? Kí ó ka orúkọ tí a kọ sí ara àwo, kí ó sì wá àwo ẹni náà lọ. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Bí ọmọ bá sì tún fẹ́ fi orin sí ẹ̀rọ lọ́la, kí ó má yí ohùn rẹ̀ sókè jù. Kí ó fi orin tí Ron Carter ti ta báàsì sí i, kí ó sì pe baba rẹ̀ jókòó pé: "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ báàsì yìí. Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tí ń ta á?" Bóyá baba yóò dìde, tí yóò lọ gbọn eruku kúrò lára àwo Miles Davis kan, tí yóò sì wí pé: "Ẹni yẹn kẹ̀! Jókòó, kí ìwọ náà wá gbọ́."

Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀

Abaraámóorejẹ: ẹni tí a ṣe lóore tí kò mọ̀ ọ́n.
Dá àrà: láti ṣe ohun tuntun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu.
Ìṣẹ́jú-àáyá: ọ̀kan nínú ọgọ́ta ìdá ìṣẹ́jú kan.
Ògbóǹtarìgì: ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé góńgó.
Orísun: ibi tí odò tàbí nǹkan mìíràn ti ṣẹ̀ wá.

Ìbéèrè

1. Kí ni baba sọ pé ó burú nínú orin ọmọ? Kí ni ọmọ sọ nípa orin baba? Báwo ni ẹ̀kọ́ yìí ṣe dá àwọn méjèèjì lóhùn?
2. Ṣe àlàyé bí iṣẹ́ omele àti ìyáàlù ṣe jọ iṣẹ́ báàsì àti fèrè nínú jáàsì.
3. Kí ni Kool Herc ṣe ní ọdún 1973 tí ó fi yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ń lu àwo orin?
4. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni." Fi ìtàn Gregory Coleman ṣe àlàyé òwe yìí.
5. Kọ àròkọ tí kò dín ní ojú ìwé kan lórí orin kan tí o fẹ́ràn. Sọ ẹni tí ó kọ ọ́, àwọn ohun èlò tí a fi lù ú, àti orin àtijọ́ tí ó yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.